Àpótí Tí Àwọn Obìnrin Ìlú Wa Ṣọ́

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ pé àwa àgbà kò nígbàgbọ́ nínú ìdìbò, bí ẹni pé àìsàn kan ni wọ́n bí mọ́ wa. Wọn kò bí i mọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa ni, ìṣojú wa ni wọ́n sì ti kọ́ wa, ní ọ̀sán gangan, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa, nígbà ìdìbò tó kẹ́yìn kí àwọn ológun tó gba ìjọba. Mo wà níbẹ̀. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi, orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wú.

Ìlú wa kò tóbi. Tí o bá kúrò ní Aramọkọ tí o ń lọ sí ọ̀nà Ìjerò, o lè kọjá rẹ̀ kí o tó parí ọ̀rọ̀ tí o ń bá ẹni tó jókòó tì ọ́ sọ. Kòkó ni àwọn ọkọ wa ń gbìn, àwa obìnrin ń ta iṣu àti obì. A ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ní mọ́sáláṣí, a sì ní ilé kan tí kò ní òrùlé. Nítorí ilé tí kò ní òrùlé yìí ni a ṣe fọkàn sí ìdìbò náà tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú sínú ọkọ̀ agbégẹdú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ó ti ń rọbí láti àná rẹ̀, ọmọ kò bọ̀, wọ́n wá ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni a rí. Yèyé mi gbé orí rẹ̀ lé itan lórí gẹdú, ibẹ̀ náà ló sì kú sí, tòun tọmọ inú rẹ̀. Nígbà tí Yèyé délé, kò sunkún lójú wa. Ó jẹ́ kí a sin òkú tán, ó wá lọ bá àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá àwọn ìyá mọ́sáláṣí, ó ní kí a kọ́ ibi tí obìnrin yóò ti máa bímọ sí nílùú wa. Kò bá wọn jà, kò bẹ̀ wọ́n. Ó kàn sọ bí orí ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbá mọ́ igi ní gbogbo kọ́nà òkè náà.

Àwa obìnrin ru òkúta láti odò. A ru yanrìn, a ru omi, àwọn ọkọ wa sì mọ ògiri. Ilé ìgbẹ̀bí náà dé òkè, ó wá ku páànù, ó ku bẹ́ẹ̀dì, ó ku nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ìjọba ni ìyẹn wà. A rán àwọn èèyàn lọ bẹ̀ wọ́n. Ìdáhùn tí wọ́n mú bọ̀ ni pé ìlú wa kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè, kí a lọ tún ara wa ṣe ná. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó burú tó yẹn. Ṣé ọmọ inú ń ṣe ẹgbẹ́ ni?

Tíṣà kan láti abúlé tó wà nítòsí wa ló dìde láti bá ọkùnrin ẹgbẹ́ ìjọba du ipò. Tíṣà yìí wọ inú ilé ìgbẹ̀bí wa, ó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó ní tí òun bá dé ilé ìgbìmọ̀, páànù rẹ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọkùnrin kejì kò wọ ibẹ̀. Ó dúró nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ó yọ orí síta, ó ní, "Ẹ dìbò fún wa, ẹ ò dìbò fún wa, àwa ti wọlé."

A bú sẹ́rìn-ín. A rò pé ó ti mutí yó ni. Yèyé mi tiẹ̀ ń bá a kẹ́dùn ni, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ ulé lọ sùn. Ọtí í ṣe é." Ìwà òmùgọ̀ wa nìyẹn, pé ọkùnrin náà sọ òtítọ́ fún wa lójú ara wa, a sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ní ọjọ́ ìdìbò, gbogbo ìlú ló jáde. Bí wọ́n ṣe ń dìbò nígbà náà ni pé, akọ̀wé yóò fún ọ ní bébà kan, ìwọ yóò wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, àpótí onírin méjì ni wàá bá níbẹ̀, wọ́n ti lẹ àwòrán ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ tirẹ̀ lára. Èyí tí o bá fẹ́ ni wàá sọ bébà rẹ sí. Yèyé mi wọ aṣọ tí ó fi ń gba ara Olúwa. Nígbà tí ó jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró, ó rìn kọjá lọ́dọ̀ mi, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo ti dì í fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó wo ikùn mi, ó ní, "Mo dì í fún èyí náà."

Nígbà tí ìdìbò parí, akọ̀wé ti ẹnu àpótí méjèèjì, ó fi ìda pupa lẹ̀ wọ́n pa. Ọmọ kékeré ni akọ̀wé yìí, ará ọ̀nà jíjìn, ó sì níwà. Ó ní lọ́rì ń bọ̀ tí yóò wá kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, kí àwọn ìyá máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó mira.

"Ulé yèé?" Yèyé mi bi í, pé ilé wo ni. "Ubi tí ẹrù bá wà ni ulé wa lónìí."

Ẹni tí kò bá ti ìlú wa wá lè má mọ ohun tó ń wí. Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọbìnrin bá ń relé ọkọ, ẹrù rẹ̀ kì í dá rìn. Àwọn obìnrin ilé bàbá rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà bí òjò tilẹ̀ dé, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ìyá ọkọ yóò fi tú u síta lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé aṣọ kan dín tàbí pé àwo kan ti sán kí ó tó débẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ẹrù kàn kì í gbádùn ilé náà mọ́. Bí a ṣe ń ṣọ́ ẹrù ìyàwó ni a ṣe pinnu láti ṣọ́ àpótí yẹn. A ti gbọ́ pé wọ́n máa ń pààrọ̀ àpótí lójú ọ̀nà. A ní kò ní ṣẹlẹ̀ sí tiwa. Lọ́rì yẹn yóò máa rìn jẹ́jẹ́, àwa yóò sì máa bá a lọ.

Lọ́rì kò dé. Wọ́n gbé iyán wá láti ilé, wọ́n fún akọ̀wé jẹ, wọ́n fún ọlọ́pàá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n bu sí i. A sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń ṣọ́nà, ilẹ̀ mọ́, àpótí méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì, ìda wọn kò yẹ̀. Yèyé mì ọ̀kọ̀ọ̀kan wò díẹ̀. Ti ọkùnrin inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nì, tí o bá mì í, wàá gbọ́ bébà díẹ̀ tó ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ti tíṣà kò dún rárá, ó kún dẹ́nu.

Ọkùnrin kan wà tó ń ra kòkó, ilé rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ní rédíò tó ń ké jù nílùú. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó gbé e síta, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó ń ka ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó wọlé káàkiri ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àgbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dé orí tiwa. Ó ní ọkùnrin ẹgbẹ́ ìjọba ló wọlé. Ó ka iye ìbò rẹ̀, ó ka iye ìbò tíṣà, ó kà wọ́n délẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Àpótí ló wà níwájú wa yìí. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpótí, a tún wo rédíò, a tún wo àpótí.

"Akọ̀wé," ni Yèyé mi wí, ó nawọ́ sí rédíò, "kí ni ọ̀n kà?"

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ kan ìda àpótí.

"Ọmọ mi, mo í bi ọ́ ni. Àpótí rèé. A kò tíì ṣí i. Kí ni ọ̀n rí kà?"

"Ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Èmi náà kò mọ̀." Ojú tì í, mo rí i pé ojú tì í. Ó ní òun fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé díẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀ dání lọ sẹ́yìn ilé, títí di òní olónìí kò tíì padà. Ọlọ́pàá tí ó jẹ iyán wa ṣí fìlà rẹ̀, ó bọ́ sójú títì, ó dá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkòrò dúró, ó sì bá a lọ.

Ibẹ̀ ni ó ti wá yé mi, bí ẹni da omi tútù sí mi lára. A ti ń ṣọ́ àpótí kí ẹnikẹ́ni má jí i. Wọn kò nílò láti jí i. Wọn kò nílò rẹ̀ rárá. Wọn kò tilẹ̀ kà wá sí débi tí wọn yóò fi wá jà wá lólè, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n kọ iye tó wù wọ́n. Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, kò tíì rọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn yóò dáná sun ilé ẹni tó ni rédíò, nítorí ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ìjọba ló wọlé. Yèyé mi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọn kò fi rí i sun. Ní àwọn ìlú mìíràn kò sí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ilé jó, ènìyàn sì jó. Àwọn tó ń pìtàn àsìkò náà fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ iná yẹn. Wọ́n máa ń pè wá ní jàǹdùkú. N kì í sábà gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tó ka ìbò tí kò rí.

Èmi ní kí a fọ́ ìda àpótí, kí a ka ìbò náà fúnra wa, kí a kó o lọ sí Ìbàdàn. Yèyé mi kọ̀ jálẹ̀. "Tí a bá fọwọ́ wa ṣí i," ó ní, "ọ̀n a ní àwa la kó ìwé sínú rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó ṣí i ni yóò ṣí i." Ó gbé àpótí kan lérí, obìnrin kan láti mọ́sáláṣí gbé èkejì, a tẹ̀ lé wọn, a kó wọn sínú ilé ìgbẹ̀bí, sí igun kan tí a fi àlòkù páànù mélòó kan bò. A ń retí ẹni tí yóò wá gbà á. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ológun ti gbàjọba, wọ́n ní kò sí ẹgbẹ́ mọ́, kò sí ìdìbò mọ́. Nọ́ọ̀sì kò dé, páànù kò dé. Ẹ̀yìnkùlé Yèyé mi ni mo bí ọmọ mi sí, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi títí ojú mi fi ń ṣú. A kò kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjọba ló gbà wá là.

Ọdún gorí ọdún. Koríko hù nínú ilé náà, ewúrẹ́ ń bímọ síbẹ̀, Yèyé mi sì ń lọ gbá igun tí àpótí wà lóòrèkóòrè. Nígbà tí àwọn ológun wá ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá sí ìlú wa láti wá kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò. Yèyé mi ti darúgbó. Ó fa ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ lọ sí ilé tí kò lórùlé, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ìpẹtà ti jẹ ìdí àpótí méjèèjì, ṣùgbọ́n ìda pupa ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ti àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún tuntun."

"Lọ bá mi ka èyí ná," ni Yèyé mi wí.