Ògiri Tí Ìyá Àgbà Rẹ́

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ ìyá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹja yíyan sì fọ́n ká sínú erùpẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra jókòó, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Bẹ́ẹ̀, láti ibi tí ó ti ń yan ẹja sí ẹnu ọ̀nà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Ọkọ mi," ló wí fún mi, "bá mi lé adìẹ yẹn. Ó rò pé àsè ni mo sè fún un."

Ẹ̀pẹ́ la wà nígbà náà, àmọ́ a kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ogun ló lé àwọn òbí mi kúrò ní Èkó kí wọ́n tó bí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ilé wa, ìyá àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ògiri rẹ̀. Ó ní àlejò kì í rẹ́ ògiri. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ ti gbà pé òun kò padà sílé mọ́. Nítorí náà ni ògiri wa ṣe rí gbágungbàgun, tí amọ̀ pupa rẹ̀ ń kùn wá lẹ́yìn aṣọ. "Ẹlẹ́yìn pupa," ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wá. "Ẹlẹ́yìn pupa, ìgbà wo lẹ ń lọ?"

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìròyìn dé pé àwọn ará wa lè padà sí Èkó. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìgbà náà gan-an ni agbára ìyá àgbà ń lọ. Kò lè gbé ìkòkò omi mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Àyà rẹ̀ á lù kì kì kì, á dákẹ́, á tún sáré, kò sì lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Àlùfáà àdúgbò wa kọ̀wé sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ìyá àgbà sì mu hàntú náà fún ọjọ́ méje. Àwọn kan ní àárò Èkó ni. Àwọn kan ní ẹni tó ń bá a du ojú ọjà ló fi nǹkan ṣe é. Òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé òun á dé Èkó?

Bàbá mi gbọ́ nípa arúgbó obìnrin oníṣègùn kan ní Ìkòròdú, ó sì gbé wa lọ. Odindi ọjọ́ kan la lò lórí ọ̀sà, nínú òórùn ẹrẹ̀ àti koríko, pẹ̀lú ìró ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Ìyá àgbà, tó máa ń bá àwọn atukọ̀ ṣàríyànjiyàn tẹ́lẹ̀, kàn ki ọwọ́ kan bọ omi ni.

Arúgbó náà kò bèèrè ẹni tí wọ́n bá ṣọ̀tá. Ó ní kí bàbá mi lọ bẹ àwọn tó ń gúnyán lágbàálá kí wọ́n dúró ná. Ó gbé etí lé ìyá àgbà lẹ́yìn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ jìn bí ojú ìka lára amọ̀.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín," ló wí. "Ọkàn yín ló ti rẹ̀. Ó ń ṣe bí atukọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jò: ó ń wa ọkọ̀, ó tún ń gbọ́n omi."

"Ṣé ewé wà fún un?" bàbá mi bèèrè.

"Èyí tí yóò dín omi ara kù wà. Èyí tí yóò sọ ọkàn di tuntun, mi ò ní in. Ẹni tó bá ní òun ní in, ẹ má dá a lóhùn."

"Èkó ńkọ́, ìyá?" ni ìyá àgbà wí.

Arúgbó náà ń ka ewé lọ. "Ẹ dín iyọ̀ kù."

"Iyọ̀ ni mo bi yín bí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé Ẹ̀pẹ́, ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé amọ̀ wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri.

"Ìyá, ta lẹ ń rẹ́ ẹ fún?" bàbá mi wí. "Oṣù tó ń bọ̀ la ń lọ."

"Ẹ̀yin lẹ ń lọ." Kò gbójú sókè. "Bu omi díẹ̀ sí i fún mi, ó ti ń le."

Bàbá mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó bu omi sí i.

Àràárọ̀ ló ń rẹ́ ẹ. Mò ń gbọ́ ìró ọwọ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, á wá dákẹ́ láti mí. Tó bá ti dákẹ́, èmi náà á sé èémí mi títí ìró náà á fi tún bẹ̀rẹ̀. Kò lè dìde dúró, nítorí náà ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé ló dán. Òkè rẹ̀ rí gbágungbàgun bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ọjọ́ kan, a bá a lórí àpótí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Nígbà tí àwọn obìnrin ń gbé e wọlé, mo wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Kò sí amọ̀ pupa níbẹ̀.

A lọ sí Èkó láìsí i. Mo kàwé títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Sàró, ibẹ̀ ni mo sì ti rí orúkọ tí àwọn dókítà òyìnbó ń pe irú àìsàn yẹn nínú ìwé kan. Orúkọ náà gùn. Kò sọ ju ohun tí àtàǹpàkò arúgbó Ìkòròdú ti sọ lọ.

Láàárọ̀ yìí, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun tèmi, mo gbé e kúrò, mo sì ń wo ibẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dí. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé kó bá mi gbé amọ̀ wá. Ògiri kan wà lẹ́yìnkùlé mi tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé màá rẹ́.