Àwọn Fóònù Tó Ń Lọ Sílé

Mummy kì í ju fóònù tó bàjẹ́ nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí, títí a ó fi di dúrọ́ọ̀mù ẹrù ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, pé wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo bá ọ̀kan níbẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì, tó lè gbiná nígbàkigbà. Inú bí mi burúkú. Ṣọ́ọ̀bù fóònù kún Rye Lane, òpópónà ọjà wa ní London níbí, fọ́fọ́, kò sí ọ̀kan tó máa gba òkú ohun tó tà. Káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní ká gbé e lọ síbi ìdalẹ̀nù wọn tó jìnnà; ṣé inú bọ́ọ̀sì ni kí n gbé iná wọ̀?

Mo pe Uncle, àbúrò Mummy tó ń gba dúrọ́ọ̀mù náà nílé: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe?

Uncle ní: "A ò kàn fẹ́ kó dun Mummy ẹ ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì làwa náà ń kó o sí."