Àlejò Ìyá Onílé Wa

Bùtá méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá onílé wa ní Takie: ọ̀kan fún àlùwàlá, èkejì fún ọwọ́ tí ajá bá lá. Láyé SAP, tí oúnjẹ wọ́n, tí àwọn èèyàn ń lé ajá àti ológbò síta, òun ló ń kó wọn wọlé, títí ẹni rere yóò fi gbà wọ́n. "Àlejò" ló ń pe gbogbo wọn.

"Ẹni tó bá gbà á ni yóò sọ ọ́ lórúkọ."

Tíṣà kan wá mú ajá kan tó ń tiro lọ. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, Màmá wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ, ó lọ bá tíṣà nílé.

"Orúkọ wo lẹ sọ ọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "A pè é lórúkọ mẹ́ta, kò dáhùn. Àlejò náà ló ń jẹ́, Màmá."