Tíṣù Lórí Bẹ́ǹṣì, Lábẹ́ Igi Sakura

Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ ilé alájà wa ní àdúgbò Bedok ni pé Àǹtí Poh Choo ti fi ọ̀rá tíṣù kan ṣoṣo nu gbogbo ilé òdòdó onígíláàsì tó wà létí òkun, láti òrùlé dé ilẹ̀. Kí kọfí àárọ̀ tó tutù, ìjọba ti fún un níṣẹ́, wọ́n ti fún un ní àkàbà àti yúnífọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ tíṣù yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn. Níbi tí a ti ń jẹun nísàlẹ̀ ilé wa, bí o bá ti gbé ọ̀rá tíṣù lé tábìlì, tábìlì ti di tìrẹ nìyẹn. O lè lọ gbéyàwó, kí o bímọ mẹ́ta, wàá padà bá a níbẹ̀. Ti Àǹtí Poh Choo tún wá le ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n ní ó gbé e sórí àga dókítà rí, dókítà sì dúró ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́.

Nítorí Siew Hiang, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni Àǹtí ṣe lọ sílé òdòdó náà. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ránṣọ ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa lọ wo òdòdó sakura ní Japan. Nígbà tí owó wà, àyè ò sí. Nígbà tí àyè wá dé, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ò gbé e mọ́, ojú rẹ̀ náà sì ti ń lọ. Dókítà ní kò dájú pé yóò ṣì ríran nígbà tí ilé òdòdó etí òkun, tó ń gbé igi sakura wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bá tún gbé e jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa kó ti ọdún yìí kúrò nìkan ni ọkọ̀ tó ń gbé àga onítáyà ráyè.

Àǹtí ṣíwájú lọ gba ààyè. Òtútù inú ilé náà, ẹja á rò pé òun ti dé fíríìjì. Igi kan ṣoṣo ni òdòdó ṣì kún orí rẹ̀, bẹ́ǹṣì kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé tíṣù lé e, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé?"

"Ojú kan náà la wà. Òjò yìí pọ̀. Awakọ̀ ní òun ò rí iwájú. Mo ní kó má bínú, èmi náà ò rí i. Ìwọ ṣáà di ibẹ̀ mú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gbé tíṣù síbẹ̀."

Nígbà tó padà, àlejò gíga kan láti ìlú òkèèrè ti jókòó, ó ń fun imú.

"Mama, ẹ ṣé o! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlejò níbí. Wọ́n tiẹ̀ gbé tíṣù sílẹ̀ fún wa!"

"Tèmi ni!"

"Háà, ṣé ẹ fẹ́ ẹyọ kan ni?"

Àǹtí gba èyí tó kù, ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́ tó dúró nítòsí, ó fẹjọ́ sùn ún.

"Àǹtí, ibí kì í ṣe ibi oúnjẹ o. Bẹ́ǹṣì gbogbo ayé ni."

"Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀."

"A ò ní pẹ́ tilẹ̀kùn, Àǹtí. Mi ò lágbára kankan lórí ìyẹn."

Àǹtí dúró síbẹ̀. Òdòdó ń já bọ́ sórí àlejò náà, kò sì sí èyí tí Àǹtí lè bẹ̀ pé kó ní sùúrù.

Ilẹ̀kùn ti tì kí ọkọ̀ tó dé. Àǹtí ti àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ẹ̀yìn ilé náà ká, débi tí igi yẹn wà nínú. Ooru wà níta, òtútù wà nínú, kùrukùru ti bo gíláàsì. Ó yọ tíṣù, ó nù ún. Kí Siew Hiang tó na ọrùn, ó ti tún ṣú.

"Ṣé òdòdó nìyẹn àbí èéfín?"

"Òdòdó ni. Ẹ tún wò ó."

"Ṣé ó pupa?"

"Pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ wò ó kíá!"

Ó nù ún, ó ṣú. Ó tún nù ún títí tíṣù fi di ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ ń wò wọ́n látòkèèrè, nígbà tó sì ròyìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dé òrùlé.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ wá ra kọfí. Àǹkú Boon Teck tó ń ta á pariwo: "Ọ̀gá onígíláàsì! Àkàbà yín dà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí dúró títí a fi dákẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò nu gbogbo ilé. Ibi tó tó ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo nù. Kò sì mọ́."