Ṣúgà tí Mo Sọ Di Èèwọ̀

Ọdún Iléyá ku ọ̀la. Ọ̀sán gangan ni Alhaja Sìdí já wọ kílíníìkì wa ní Ìta Fájì láìwọ bàtà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Alhaji ti ń sọ kántankàntan!"

Alhaji Múfú lọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ń rán agbádá ní Ìdúmàgbò. Ara àwọn tí mò ń tọ́jú ni. Mo gbé àpò mi, a sáré jáde.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú nọ́ọ̀sì tí mo jẹ́. Ẹnu mi mú. Ó ti tó ogún ọdún nígbà yẹn tí mo ti ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ, àwọn tí ṣúgà ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, mo ti rí ojú tó fọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ fún mi pé òun mu mínírà, ojú ẹ̀ á rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ tí mo kọ́ Alhaji bó ṣe máa gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé ara èèyàn kì í fẹ́ àṣejù. Bí ooru bá mú wa, ara á làágùn kó lè tutù. Bí òtútù bá mú wa, á máa gbọ̀n kó lè móoru. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà ní ibi tí ara ń dì í mú sí. Ara alátọ̀gbẹ ni ò lè dá a ṣe mọ́, àwa la máa ń bá a ṣe é.

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi, Nọ́ọ̀sì. Bí òwú ẹ̀rọ mi ni. Ó le jù, ó já. Ó dẹ̀ jù, ó lọ́ pọ̀."

"Ẹ fi òwú sílẹ̀, Alhaji. Ṣúgà ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu yín láéláé. Ẹ búra fún mi."

Ó búra, níṣojú ìyàwó ẹ̀. Ọkùnrin náà sọ nǹkan méjì, ọ̀kan péré lèmi gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù, pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ṣúgà gan-an loògùn.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù Alhaji, aṣọ ọdún kún inú ẹ̀. Ó ti gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, àmọ́ kò tíì jẹun; ó ní òun fẹ́ parí ọrùn agbádá kan ná. Òógùn ti mú kí búbá ẹ̀ rin gbingbin, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgò mínírà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀, wọ́n ti ṣí i, ó ṣì kún.

"Alhaja, kí ló dé tẹ́ ò fún un?"

"Mo fún un! Ó di eyín pa, ó ní òun ti búra fún Nọ́ọ̀sì. Ni mo ṣe sáré wá bi yín."

Yéè! Mo gbé ìgò náà sí i lẹ́nu.

"Alhaji, ẹ mu ún! Èmi Nọ́ọ̀sì ni mo ní kẹ́ ẹ mu ún!"

Kò gbọ́ mọ́. Mo fi ṣúgà ra èrìgì ẹ̀, a gbé e dé ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Ẹ̀mí ò bọ́. Àmọ́ ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ, ebi sì ti pa tiẹ̀ pẹ́ jù.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, horo ṣúgà ni mo kọ́kọ́ ń fi sọ́wọ́ alátọ̀gbẹ kí n tó mú abẹ́rẹ́. Màá sọ fún wọn pé bí òógùn bá bò yín, tí ara yín ń gbọ̀n, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo mọ èèyàn kọ́ dáadáa. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń lọ kí Alhaji nílé wọn ní Adéníji Adélé. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ẹ̀. Kò mọ orúkọ Alhaja mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a tó ń gbọ̀n díẹ̀, Alhaja ti gbé ife mínírà lé e lọ́wọ́. Kò mu ún. Ó ń wojú mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n mu ún?"

"Ẹ mu ún, Alhaji. Ẹ forí jì mí, ẹ mu ún."

Ó mu ẹnu kan, ó gbé ife kúrò lẹ́nu.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n mu ún?"