Núdùsì Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá ní Òkèrèwè

Ẹni tó bá sọ pé mi ò mọ oúnjẹ sè, irọ́ ló ń pa. Ẹran nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n sè nígbà náà, ẹran náà ló sì fẹ́ ba tèmi jẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíntíìsì ni mò ń wí. Mo ń ṣiṣẹ́ tápíìsì ní ọ́fíìsì kan nínú ọgbà yunifásítì, mo sì ń gbé yàrá kan nínú agbo ilé kan ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì háyà yàrá ní òdìkejì títì. Ó máa ń pè mí ní Bọ̀dá Tápíìsì, èmi náà á pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, a ó máa bá ara wa ṣàwàdà lójú títì bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Èmi ní nǹkan lọ́kàn ní tèmi. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ ti wà nínú mi tí mi ò lè la ẹnu sọ ọ́, èmi tí mò ń jókòó lójoojúmọ́ tẹ ọ̀rọ̀ gígùn-gígùn fún àwọn ọ̀gá tó ń bínú síra wọn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun ti rí iṣẹ́ tuntun sí Kàdúná, àárọ̀ Mọ́ńdè ni òun ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo kí i kú oríire. Mo bi í bóyá mo lè rí i kó tó lọ. Ó ní ẹrù ni òun máa fi gbogbo Sátidé dì, ṣùgbọ́n òun lè yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún mi nírọ̀lẹ́. Ó wá ń ṣeré, ó ní bí mo bá fẹ́ ṣe òun lálejò, kí n fún òun ní núdùsì onẹ́ran àwọn ará Ṣáínà, irú èyí tí òun ń rà l'Ékòó nígbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n máa ń dín lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n á kó o sínú ike, tí á ṣì máa gbóná títí èèyàn á fi délé.

Mo ní, "Ìyẹn náà ni? Wá ní Sátidé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo máa fi sè é."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó, ó bọ́ sí i: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún sísè, mẹ́wàá fún jíjẹ, mẹ́wàá tó kù ni mo máa fi sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Bí mi ò bá sọ ọ́ ní Sátidé yẹn, ó di Kàdúná, àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ò sì ní dúró dè mí.

Kí ni mo mọ̀ nípa oúnjẹ Ṣáínà? Ọ̀gá mi gbé mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan kí n lè bá a ru fáìlì, a jẹun nílé oúnjẹ wọn, mo sì rí alásè wọn láti ẹnu ìlẹ̀kùn. Iná ńlá, páànù ńlá, ó ń ju oúnjẹ sókè, ó ń fi páànù gbà á, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo gbà pé jíjù yẹn gan-an ni oúnjẹ náà.

Ìyá onílé wa, àlàájà kan tó ti súnmọ́ àádọ́rin ọdún, ní agbada kan tí wọ́n fi ń dín àkàrà nígbà tí ara wọn ṣì le. Mo lọ yá a lọ́wọ́ wọn. Láti Wẹ́sìdeè ni mo ti ń bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn iṣẹ́ láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan. Ẹ̀wà gbígbẹ ni mo fi ń kọ́ ọ. Bí mo bá ju ẹ̀wà sókè, ẹ̀wà á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, gbogbo adìyẹ ìyá onílé á sáré dé. Nígbà tó fi di Fúráídè, adìyẹ mẹ́tàdínlógún ló ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá onílé gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ayálégbé tó ń bọ́ adìyẹ onílé, Ọlọ́run á bọ́ òun náà. Mo ṣe àmín. Mi ò ní lọ máa ṣàlàyé Ṣáínà fún wọn.

Àárọ̀ Sátidé, mo lọ ra ẹran ní Sábó. Mo sọ fún alápatà pé kó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún mi.

Ó ní, "Ṣé súyà lẹ fẹ́ ṣe ni?"

Mo ní rárá, oúnjẹ Ṣáínà ni. Mo fi ọwọ́ kan èyí tó pọ́n jù, tí kò lọ́ràá.

Ó ní, "Ẹran ẹsẹ̀ nìyẹn o. Ó máa pẹ́ lórí iná."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni màá fi dín in."

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn pe alápatà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó wá wò mí. Àwọn méjèèjì wò mí dáadáa, ó sì gé ẹran náà fún mi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo délé, mo to gbogbo nǹkan sórí tábìlì: kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, àlùbọ́sà, ata rodo, núdùsì pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ìyá onílé wá wo ohun tí agbada wọn fẹ́ ṣe. Wọ́n na ìka sí ẹran.

"Ṣé o ti sè é?"

"Àwọn ará Ṣáínà kì í sè é, màmá. Wọ́n kàn ń dín in bẹ́ẹ̀ ni."

"Màlúù tiwọn, ibo ló ti ń rìn bọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Èyí tó wà níwájú rẹ yìí, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Òkè Ọya wá sí Ifẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn gan-an lo wá lọ rà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lo fẹ́ fi tù ú nínú?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, orí tèmi ṣì wọ́, torí pé mi ò fẹ́ gbọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, àwọn òyìnbó ti ṣe ìwádìí ẹ̀. Ta ló sọ fún mi pé ará Ṣáínà ń jẹ́ òyìnbó?

Ó wá ku omi dúdú kan tó níyọ̀, tí wọ́n máa ń dà sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè pọ́n dúdú. Mo wá a káàkiri Ifẹ̀, ẹni tí mo bá bi á ní ṣé oògùn ikọ́ ni. Mo rò ó títí, mo yọ́ mágí sínú omi gbígbóná, mo sì bu ṣíbí tíì oníkòkó méjì sí i, èyí tí mo máa ń mu láàárọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i wẹ́kú. Mo tọ́ ọ wò, mo ní yóò dùn tó bá gbóná.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé. Ó ti da aṣọ ilé wọ̀, erùpẹ̀ ẹrù wà lára rẹ̀, ó sì rẹwà débi pé mo gbàgbé láti ní kó jókòó. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú o, Bọ̀dá Tápíìsì."

Mo ti tan sítóòfù sí ìta lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, mo ti fa iná rẹ̀ dé ibi tó gbà dé. Òróró ń rú èéfín. Mo da ata rodo sí i, mo da àlùbọ́sà tẹ̀ lé e.

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ata nínú òróró tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ máa ń gba inú ihò imú wọ ọpọlọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ wú ikọ́. Àlejò mi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo agbo ilé gbà á, láti yàrá kan dé èkejì, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ìyá onílé ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n yọ omi lẹ́nu, wọ́n wú ikọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá látòkè, wọ́n tún wú ikọ́. Wọ́n ní, "Àsítàgfírúláì, kí ni ọmọ yìí ń sun?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi etí ìró bo imú. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń wú u ní Ṣáínà náà nìyí?"

Mo da ẹran sí i, mo ka ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo da ẹ̀fọ́ àti núdùsì tí mo ti bọ̀ sílẹ̀ sí i, mo da omi dúdú mi lé e lórí. Òórùn oúnjẹ àárọ̀ sọ. Mo wá gbá agbada mú, mo wo ojú Àǹtí Nọ́ọ̀sì kí n lè rí i pé ó ń wò mí, mo sì jù ú.

Ìdajì padà wá. Ìdajì tó kù balẹ̀ sáàárín adìyẹ mẹ́tàdínlógún tó ti ń retí rẹ̀ láti ọ̀sán. Òkùn núdùsì kan fi ara kọ́ ìlẹ̀kùn, mi ò yọ ọ́. Mo bu ohun tó ṣẹ́kù sínú àwo mẹ́ta, mo gbé ọ̀kan fún ìyá onílé, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe máa dáná ata tó báyẹn nínú agbo ilé kó má bu fún àgbà. A wọ yàrá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí pépà ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù, ẹ̀dà mẹ́ta, bí ẹni pé ẹnì kan máa fáìlì rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ sórí. Ó jẹ núdùsì díẹ̀, ó ní kò burú, ó kàn ń mú òun rántí tíì. Ó fi fọ́ọ̀kì mú ẹran sẹ́nu. Mo ní ìsinsìnyí ni.

Mo ní, "Kí o tó lọ sí Kàdúná, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ó ti pẹ́. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Bí o bá gbà, màá dúró dè ọ́, iye ọdún tó bá wù kó jẹ́."

Ó ń jẹ ẹran. Ó la ojú sí mi, ó ń jẹ ẹran.

Mo dúró. Ẹran náà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó padà sí tòsì. Rédíò ìyá onílé bẹ̀rẹ̀ ìròyìn Yorùbá nínú yàrá kejì. Wọ́n ka àkótán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìròyìn gan-an, àgbọ̀n rẹ̀ ò dúró. Ara mi ò gbà á mọ́, mo fi ẹran tèmi sẹ́nu kí n lè rí nǹkan ṣe. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Eyín mi wọ inú rẹ̀, ẹran náà gbà á lálejò, ó tún tì í jáde. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé já. Ọmọ tí wọ́n bá sì kọ́ nílé kì í tu oúnjẹ lójú ẹni tó sè é. Èmi tí mo sè é, báwo ni mo ṣe máa tu tèmi? A jókòó kọjú síra wa, à ń jẹ ẹ́ lọ.

Ìyá onílé yọjú, àwo wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti tu ẹran tiwọn síta. Wọ́n ní, "Ẹran yìí ò tíì dé Ifẹ̀ o. Ó ṣì wà lọ́nà." Wọ́n padà lọ gbọ́ ìròyìn.

Mo wo ojú Àǹtí Nọ́ọ̀sì, omi ti lé ròrò níbẹ̀. Mo ní ó parí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi kọ̀ mí tí kò fi ní dùn mí. Ó mi orí sí mi gidigidi, ó ju ọwọ́, mo ní mo ti gbọ́, kò sí lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ti ń ka ìròyìn eré ìdárayá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé. Mo dìde láti kó àwo.

Ó gbá mi létí aṣọ mú. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ẹran náà sí àtẹ́lẹwọ́, òun ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó sì mí kanlẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, ẹran rẹ ni kò jẹ́. Gbé gbogbo ẹ̀ padà síná, kí o bu omi sí i."

Mo fẹ́ dúpẹ́, mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n tèmi ṣì kún ẹnu mi. Mo kàn ń mi orí, mò ń jẹ ẹran, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì lọ bu omi.