Ìbọn Tamezo

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Tamezo Kuwabara fi tún agboòrùn ṣe nínú ọjà olórùlé kan ní Osaka, ekukáká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá tí kò yìnbọn pa ènìyàn. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìbọn náà. Bó bá ti nà án sí ẹni tó ń kọjá, tó ní "Báń!", ẹni náà gbọ́dọ̀ di àyà mú kó sì ṣubú, ìbáà jẹ́ ọlọ́pàá, ìbáà jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílùú wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n yìnbọn fún tó ṣì dúró gbagidi, àlejò ni.

Nígbà tí Tamezo di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ẹ̀gbà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún náà. Dókítà ní ọwọ́ náà yóò padà bọ̀ sípò bó bá ń gbìyànjú láti lò ó. Tamezo ò gbìyànjú. Ó tẹ́ ọwọ́ náà sórí itan bí òkú ẹja, ó sì ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Yasuhiko, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń gbé ní Tokyo láti ogún ọdún, ti wá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Bàbá," ó ní, "tí ọwọ́ yìí ò bá gbéra kí ìgbà ìwọ́wé tó parí, mò ń mú ẹ̀yin àti Màmá lọ ni."

Àwọn ará ọjà gbọ́. Kò sẹ́ni tó bá a sunkún. Láràárọ̀, bí Kinue, ìyàwó Tamezo, bá ti ń ti àga onítáyà ọkọ rẹ̀ bọ̀, oníkálukú á gbé àyà síwájú. Hatsue, tó ń yí àkàrà rogodo lórí iná, tiẹ̀ ti tẹ́ páálí sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ni páálí yìí?" Tamezo bi í.

"Ibi tí mo máa ṣubú sí ni, Bàbá. Ìdí ń dùn mí."

"Ìwọ bí erin yìí? Tóo bá ṣubú, ta ló máa gbé ọ?"

"Ẹ ṣáà yìn ín ná! Àbí ẹ gbàgbé ọta sílé?"

Kinue á rẹ́rìn-ín, á fún Hatsue ní súìtì kan látinú báàgì rẹ̀, wọ́n á kọjá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ aṣọ ìbora tó wà lórí itan rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, Tamezo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìka rẹ̀ jìjàkadì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Hatsue pààrọ̀ páálí, ìka ò tíì yọjú.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ìgbà ìwọ́wé pé, Yasuhiko dé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Bàbá rẹ̀ ní kó ti òun yí ọjà ká lẹ́ẹ̀kan, kí òun dágbére. Kinue tẹ̀ lé wọn.

"Yasu," Hatsue pè é, "o fẹ́ mú Bàbá lọ síbi tí wọ́n á ti yìnbọn fún èèyàn, tónítọ̀hún á wá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ rà?'"

Yasuhiko yí wá síwájú àga, ó bẹ̀rẹ̀ láti tún aṣọ ìbora náà ṣe. Aṣọ náà mì. Ìka kan yọ jáde, ó ń gbọ̀n, ó ń gòkè bí ìgbín tó ń gun ògiri. Hatsue gbé àyà dè é. Ìka náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró síwájú táì Yasuhiko.

"Báń."

Yasuhiko tẹjú mọ́ ìka náà. Lẹ́yìn náà ló di àyà mú, ó fì síwá, ó fì sẹ́yìn, ó sì ṣubú gbì, tòun ti kóòtù, sórí páálí Hatsue.

"Olè! Páálí mi nìyẹn!" Hatsue pariwo, òun náà sì ṣubú. Ẹlẹ́ja ṣubú, ọlọ́pàá ṣubú, Kinue pàápàá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó nà gbalaja, súìtì rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Tamezo nìkan ló jókòó láàárín òkú, bí jagunjagun tó ṣẹ́gun.

"Bàbá, ẹ ti pa mí," Yasuhiko wí, omi lójú.

"Mo mọ̀. Tóo bá ti kú tán, dìde, kóo tì mí padà sílé."